Ẹja tó bá àpótí gíláàsì kékeré mu

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin ẹja ọ̀ṣọ́ nílé: pé lítà omi kan ló tó sẹ̀ǹtímítà ẹja kan, ó parí. Ìṣirò náà rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹja. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ lẹ́tà yìí kí ẹni tó ń múra àtirà rí i kà kó tó náwó.

Ẹ wo àpótí gíláàsì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50, tó fẹ̀ ní 25, tó sì ga ní 32. Lítà 40 ni wọ́n á pè é. Tí òkúta wẹ́wẹ́ bá ti wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí omi ò sì kan ẹnu, omi inú rẹ̀ lè má ju lítà 34 lọ. Ìṣirò yẹn á ní kí ẹ kó neon tetra mẹ́jọ sí i, ẹja kékeré tí kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, kò burú. Ìṣirò yẹn kan náà ló máa ní kí ẹ fi ẹja kan ṣoṣo tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 34 síbẹ̀. Níbo ni onítọ̀hún máa gbà yí padà nínú ohun tó fẹ̀ ní 25? Bí ẹja bá sì ṣe ń gùn ló ń sanra. Tí ẹja méjì bá jọ ara wọn, tí ọ̀kan gùn tó ìlọ́po méjì èkejì, á wúwo tó ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ náà á pọ̀ ní tirẹ̀.

Ọmọdé ni ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n ń tà. Wọ́n á gbé pleco tó gùn bí ìka ọwọ́ fún yín pé ó máa ń lá gíláàsì mọ́. Òun náà ló máa ń kọjá sẹ̀ǹtímítà 30 tó bá dàgbà. Goldfish náà ńkọ́? Ó ń fẹ́ omi tútù ju ẹja inú gíláàsì yòókù lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó sì lè kọjá sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹni tó bá sọ pé ẹja kì í tóbi ju àpótí rẹ̀ lọ kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: omi ìdọ̀tí ni kò jẹ́ kó dàgbà, kì í sì í pẹ́ kú. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Nínú lítà 40 yìí, ẹ mú betta kan (ẹja oníjà), tàbí neon tetra mẹ́jọ, tàbí akọ guppy márùn-ún. A ò ní kí ẹ kó gbogbo wọn pọ̀. Akọ betta méjì á bá ara wọn jà títí ọ̀kan fi máa kú, ó sì lè fi akọ guppy onírù gbàràgàdà pe akọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Betta tún máa ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lójú omi, nítorí náà ẹ fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín omi àti ìdérí, kí fílítà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, má sì máa ti omi kíkankíkan. Ìwọ̀n ooru omi yẹn kó wà láàárín 24 sí 26 lórí Celsius. Ní ti neon tetra, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ fi méjì síbẹ̀, abẹ́ ewéko ni wọ́n á máa sá sí.

Guppy ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà jù. Abo kan lè bí bí ogún ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣooṣù, ó sì lè tọ́jú àtọ̀ akọ sára fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó ra abo nìkan lè ti ra oyún mọ́ ọn. Ẹ wo lẹbẹ tó wà lábẹ́ ikùn lápá ẹ̀yìn: ti abo tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ti akọ rí tín-ín-rín, ó sì ṣe ṣóńṣó.

Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó ń rìn nílẹ̀, pygmy corydoras mẹ́fà kì í ga àpótí lára, nítorí kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Yanrìn kúnná ni kí ẹ tẹ́ fún un, torí òkúta ẹlẹ́nu mímú á bó irùngbọ̀n tó fi ń wá oúnjẹ. Edé pupa kéékèèké, cherry shrimp, náà dára. Betta kan lè fi wọ́n jẹ ọ̀sán, òmíràn á kàn máa wò wọ́n. Èyí tí ẹ bá rí nílẹ̀ tó dà bí òkú edé lè jẹ́ èèpo tó bọ́. Ẹ fi sílẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́. Oògùn ẹja tó bá ní bàbà nínú ló ń pa wọ́n. Ìṣáwùrú nerite kì í kún àpótí, torí ẹyin rẹ̀ kì í pa nínú omi tí kò níyọ̀, àmọ́ á máa lẹ ẹyin funfun mọ́ gíláàsì. Ẹni tí ìyẹn bá ń bí nínú, kó má rà á.

Gbogbo èyí ò tíì kan ọjọ́ tí ẹ gbé àpótí wálé. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù máa ń di amóníà, májèlé ni. Bakitéríà inú fílítà ló ń sọ ọ́ di nitrite, májèlé náà ni, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ọ́ di nitrate tí ẹja lè fara dà tí kò bá pọ̀. Bakitéríà yìí máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí fílítà máa ṣiṣẹ́, kí ẹ máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi tí kò tíì sí ẹja, kí ẹ sì máa fi ohun èlò àyẹ̀wò wò ó. Ìgbà tí amóníà àti nitrite bá di òdo, tí nitrate sì ti hàn, ni ilé ti ṣetán. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ fílítà, klórínì á pa bakitéríà tí ẹ ti ń dúró dè. Omi inú àpótí tí ẹ bù sínú báàkẹ́tì ni kí ẹ fi ṣàn án. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi oògùn tó ń pa klórínì sínú omi tuntun. Gbígbé omi kalẹ̀ mọ́jú kì í lé chloramine lọ, ìyẹn klórínì tí wọ́n pò mọ́ amóníà.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà, ẹ ní kó fún ẹja lóúnjẹ lójú yín. Èyí tó pa lẹbẹ mọ́ra, tí ikùn rẹ̀ wọnú, tàbí tó ní ààmì funfun bí iyọ̀ lára, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì fi àwọn tó bá a gbé inú omi kan náà sílẹ̀. Tí ẹ bá délé, ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí ẹja wà nínú rẹ̀ léfòó lójú omi àpótí fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa bu omi àpótí díẹ̀díẹ̀ sí i fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ tó fi àwọ̀n kó ẹja. Ẹ má da omi ọ̀rá náà sínú àpótí. Bí betta bá máa bá corydoras gbé, òun ni kó kẹ́yìn wọlé, nítorí tó bá kọ́kọ́ dé, gbogbo àpótí ló máa sọ di tirẹ̀.

Àwa olùsin ẹja ọ̀ṣọ́