Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi tí Ẹ Fẹ́ Fi Ẹran Jíjẹ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Lóṣù yìí nìkan, ọmọ mẹ́ta ló ti wá bá mi pé, "Màmá, mo fẹ́ fi ẹran sílẹ̀, àwọn ará ilé sì ní orí mi ti dàrú." Ẹ̀yin tí ẹ wá bi mí ni mo ń kọ̀wé sí, àti ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí ẹni bi. Ó pé ọdún mọ́kàndínlógún báyìí tí n kò ti jẹ ẹran, ẹja àti ẹyin, tí n kò sì mu wàrà. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Alápatà ni bàbá mi.

Owó ẹran ni bàbá mi fi rán mi níléèwé, n kò sì ní sọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn láìdáa. Ṣùgbọ́n ojú mi rí nǹkan. Wọ́n á kó màlúù láti Òkè Ọya wá, wọ́n á dúró gbagidi nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì, okùn lọ́rùn, láìrí omi mu. Bí ọkọ̀ bá dé, àwọn mìíràn kò ní lè dìde mọ́, ẹsẹ̀ wọn ti kán. Ìrù ni wọ́n fi ń wọ́ wọn sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi fúnra wọn a máa yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn náà ló kọ́ mi pé ẹni tó bá máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ọ̀rọ̀ màlúù wà nínú òwe yẹn.

Ẹyin ńkọ́? Ẹ lọ wo ọgbà adìyẹ tó ń lo àgò onírin. Àyè tí adìyẹ kan ní nínú rẹ̀ kò tó ojú ìwé tí mò ń kọ̀wé sí yìí, kò lè na ìyẹ́ apá rẹ̀ láti ọjọ́ tó wọlé títí dọjọ́ tí wọ́n á tà á. Láti ọdún 2012 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de irú àgò bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ṣì ń rà á.

Ní ti ìlera, ohun tí mo mọ̀ dájú ni mo máa sọ. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso ní fáíbà tí kò sí nínú ẹran rárá, òun ló ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn, tí kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà pa mọ́, bíi sọ́séèjì, ń fa jẹjẹrẹ ìfun, àti pé ó ṣeé ṣe kí ẹran pupa náà máa fà á. Ìyẹn kò sọ pé ẹni tó jẹ ẹran lónìí máa kú lọ́la. Ṣùgbọ́n pọ̀nmọ́ tí wọ́n fi táyà mọ́tò sun, ẹ sá fún un, bí ẹ tilẹ̀ ń jẹ ẹran.

Wàyí o, ibi tí mo ti ṣìnà nìyí, torí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Nígbà tí mo yọ ẹran kúrò nínú oúnjẹ mi, n kò fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀bà àti ilá láàárọ̀, búrẹ́dì àti tíì lálẹ́. Ní ọdún kẹrin, àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí ṣín-ṣín, bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Ó ń rẹ̀ mí láti àárọ̀. Mo ń gbàgbé orúkọ àwọn aláìsàn mi. Àwọn ará ilé ní ẹni kan ló fi ẹsẹ̀ mi ṣe nǹkan. Nígbà tí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, fítámì B12 ló ti tán lára mi. Èmi, nọ́ọ̀sì!

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe B12. Kò sí ewé kan, kò sí èso kan, irú pàápàá kò ṣeé gbára lé fún un. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn máa ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ara fi ń tan ni pé kò sí nǹkan kan. Máíkúrógíráámù 2.4 ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́. Ó kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, iṣan tí ara fi ń mọ nǹkan lára á bàjẹ́, kì í sì í padà bọ̀ sípò nígbà mìíràn. Ẹ ra oògùn rẹ̀, ẹ máa lò ó, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé àìnígbàgbọ́ ni. Ẹsẹ̀ òsì mi ṣì ń ta mí títí dòní.

Oúnjẹ gan-an kò ṣòro. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní vegan yìí, ìyẹn ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tó wá lára ẹranko, ọdún 1944 ni Donald Watson àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣẹ̀dá rẹ̀ ní England, ṣùgbọ́n àkàrà àti ẹ̀kọ, àdàlú, ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín inú ewé tí a kò fi ẹyin sí, gbogbo wọn ti wà nílẹ̀ wa kó tó dìgbà náà. Nínú èròjà tó ń mú ara dàgbà, ohun tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo àti ìrẹsì ní in. Ohun tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní in. Ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, wàrà sóyà, ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ fi yánmọtí lílọ̀ sí ògì yín nítorí eegun. Irin tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbà á: ẹ jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ mọ́ ọn, kí ẹ sì jẹ́ kí tíì dúró di wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Epo pupa kì í ṣe ẹran lóòótọ́, ọ̀rá rẹ̀ ṣì pọ̀, ẹ rọra dà á. Aboyún, ìyá ọlọ́mú àti ẹni tó fẹ́ fi oúnjẹ yìí tọ́ ọmọ kékeré, ẹ má dá a ṣe, ẹ lọ bá dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá dé òde àríyá, ẹ má wàásù. Bí ìyá ọkọ bá bu ẹran fún ìyàwó tuntun, kó kúnlẹ̀, kó dúpẹ́, kó ní, "Ẹ ṣeun, Màámi, ara mi kò gbà á ni, àmọ́ ẹ bá mi bu ẹ̀fọ́ sí i." Mùsùlùmí ni mí. Bí Iléyá bá dé, ìpín tèmi pátá ni mo ń kó fún àwọn tí kò rí ẹran rà láti ọdún dé ọdún, kò sì sẹ́ni tó bínú sí mi rí.

Nígbà tí bàbá mi darúgbó, tí eyín ti tán lẹ́nu wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ kan mo fi olú àti irú se ẹ̀gúsí fún wọn, mo sì sọ fún wọn pé kò sí ẹran nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wò mí. Nígbà tó yá, wọ́n na àwo sí mi pé kí n tún bù sí i.

Èmi ni ìyá yín,
Ìbàdàn