Ìrìnàjò Shetland: ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Aberdeen, ẹ kú òtútù o. Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò Shetland, àwọn erékùṣù tó wà ní àríwá Scotland, tá a ti ń sọ ti fìdí múlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Fráìdè kejì nínú oṣù Júùnù la máa wọkọ̀ ojú omi ní èbúté, òru mọ́jú ló máa fi rìn, àárọ̀ Sátidé la máa gúnlẹ̀ sí Lerwick. Bọ́ọ̀sì á gbé wa lọ Sumburgh Head, òkè etí òkun kan níbẹ̀, lọ wo puffin, ẹyẹ kékeré dúdú àti funfun tí àgógó ẹnu ẹ̀ pọ́n bí ẹni jẹ epo. Inú ihò ilẹ̀ ló ń yé sí, torí náà ẹ má fo ògiri òkúta kọjá torí fọ́tò, ilẹ̀ lè rì kí ẹyin sì fọ́. Tó bá fi máa di àárín Ọ́gọ́ọ̀sì wọ́n ti padà sójú òkun, ìdí tá ò fi lè sún un síwájú nìyẹn.

Ẹ má fọwọ́ kan òkú ẹyẹ o, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ, àìsàn ẹyẹ tó jà níbẹ̀ ní 2022 pa ẹyẹ rẹpẹtẹ. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì òjò dání, atẹ́gùn ibẹ̀ ò mọ àgbà.

Ẹni tó ń bọ̀ kó kọ orúkọ àti iye ọmọ tó ń mú bọ̀ síbí kó tó di Sọ́ńdè, ká lè gba tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀. Ẹ fèsì o, kẹ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ dákẹ́ ò tó.