Ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́fà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ sí ilé-ìwé, níbi tó ti sọ pé àwa òbí òde òní ń kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́, pé ìran tiwọn rìn láti oko dé ilé-ìwé lójoojúmọ́ láìsí ohun tó ṣe wọ́n, àti pé ara líle àti ọpọlọ pípé ni wọ́n jèrè níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi hàn pé àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mò ń gbé, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan tí àwọn ọmọ ti ń wá láti abà oko, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ní apá kan tí bàbá kò wò.

Ẹni tó bá yọ lójú ogun ló ń ròyìn ogun. Àwọn tó rin ọ̀nà náà, tí wọ́n sì kàwé yanjú, ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn lónìí. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ọ̀nà sú ní ọdún kejì tàbí ìkẹta, tí wọ́n padà sí ìdí ọkọ́ àti àdá, tàbí tí wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ nítorí pé ilé-ìwé ti jìn jù, kò lè kọ̀wé sí Olóòtú láti sọ tẹnu wọn. Nítorí náà, bí a bá ń ka iye àwọn tí ìrìn náà sọ di akin, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn tí ìrìn náà lé padà sílé kò sí lára àwọn tí à ń kà.

Kí n tètè sọ ọ́ pé n kò lòdì sí kí ọmọ fẹsẹ̀ rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní ọdún 2020, sọ pé ó yẹ kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60, ó kéré tán, lójúmọ́. Ọmọ tó bá fi ìdajì wákàtí lọ, tó sì fi ìdajì wákàtí bọ̀, ti rí èyí tó pọ̀ jù gbà nínú tirẹ̀, kò sì sí ìdí tí bàbá rẹ̀ fi máa wá ọkọ̀ fún un. Àwọn ọmọ tí ilé wọn wà nítòsí Akaba Idena, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú Kétu, tí àwọn òbí wọn ń fi alùpùpù gbé lọ sí ilé-ìwé tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ bàbá yẹn bá wí, mo sì bá wọn fọwọ́ sí i.

Oko ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Kọ̀múùnù Kétu, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, nìkan gbà ju ìdajì ilẹ̀ ẹkùn Plateau lọ, bẹ́ẹ̀ iye èèyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ nínú ìkànìyàn ọdún 2013 kò ju nǹkan bíi 157,000 lọ. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Idigny tàbí Adakplamè kọjá rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ: ilé mẹ́fà níhìn-ín, ilé mẹ́wàá lọ́hùn-ún, oko àgbàdo, oko ẹ̀pà àti oko kajú láàárín wọn, torí pé ibi tí ilẹ̀ bá ti dára ni àgbẹ̀ ń kọ́lé sí. Ìjọba kankan kò lè kọ́ ilé-ìwé oníyàrá mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo abà, a kò sì bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 1990 sọ pé ọ̀ranyàn ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti ọdún 2006 ni wọ́n sì ti yọ owó ilé-ìwé kúrò lọ́rùn àwọn òbí ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ohun ńlá ni, a sì dúpẹ́. Owó ti kúrò nílẹ̀. Ọ̀nà ló kù.

Ohun tó sì ń jẹ́ kí kìlómítà tàn wá jẹ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa ń kà á. Wọ́n á ní, «Kìlómítà 4 péré ni láti abà yẹn dé ilé-ìwé,» àgbàlagbà yóò sì rò ó lọ́kàn ara rẹ̀, yóò rí i pé òun lè rìn ín láìsinmi. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé wa ń ṣe ti òwúrọ̀, ó sì ń ṣe ti ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́jọ làwọn ọmọ ń wọlé, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jáde, aago mẹ́ta ni wọ́n tún ń padà wọlé. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán nílé yóò rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyẹn kìlómítà 16 kí ilẹ̀ tó ṣú. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le a máa rin nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Ọmọ CI, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, tó ń dúró wo alángbá, tó ń dúró yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, kò lè yá tó bẹ́ẹ̀. Ó ju wákàtí kan lọ kó tó délé, ó ju wákàtí kan lọ kó tó padà dé, wákàtí mẹ́ta péré sì ni gbogbo ìsinmi ọ̀sán náà. Bó bá délé, bóyá ni yóò rí àyè jókòó ti ọbẹ̀.

Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lọ sílé rárá. Abẹ́ igi ni wọ́n ń wà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá rí owó fún á ra gààrí tàbí ẹ̀wà lọ́wọ́ àwọn ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà; ẹni tí kò rí gbà á mu omi, á sì máa wo ẹnu àwọn tó ń jẹun. Ẹ wọ kíláàsì CP, ìyẹn kíláàsì kejì, ní aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán, ẹ kò nílò kí olùkọ́ nàka sí àwọn ọmọ oko fún yín. Àwọn ni aṣọ kakí wọn ti pupa láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún, tí wọ́n gbé orí lé apá lórí tábìlì, tí ọwọ́ wọn ṣì di ẹfun mú, tí oorun sì ti gbé wọn lọ. Olùkọ́ tó bá lójú àánú á jẹ́ kí wọ́n sùn. Èyí tí kò bá ní in á pè wọ́n ní ọ̀lẹ, nígbà tó sì jẹ́ pé àwọn gan-an ló ti ṣiṣẹ́ jù nínú kíláàsì náà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, torí àwọn mìíràn nínú wọn ti pọn omi sílé kí wọ́n tó kúrò.

N kò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí òjò, nítorí gbogbo wa la mọ òjò. Ṣùgbọ́n níhà ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ amọ̀ dúdú, bàtà tí ẹrẹ̀ bá gbà mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀ kì í fẹ́ jáde mọ́, ìdí nìyí tí àwọn ọmọ fi ń bọ́ bàtà tì sábẹ́ apá, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lásán rìn. Mo rí ọmọ kan tó fi síléètì rẹ̀ bo orí nígbà tí òjò ká a mọ́ ọ̀nà. Iṣẹ́ tí olùkọ́ ní kó lọ ṣe nílé ló wà lára síléètì náà. Òjò fọ gbogbo rẹ̀ dànù, ní ọjọ́ kejì wọ́n sì bi í pé kí ló dé tí kò ṣe iṣẹ́. Kò mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé, ó kàn dákẹ́.

Òkùnkùn tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, aago mẹ́fà àbọ̀ kì í lù kí oòrùn tó wọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tó kúrò ní ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́, tó sì ní ìrìn tó ju wákàtí kan lọ níwájú rẹ̀, òru ni yóò fi parí ìrìn náà, ní ọ̀nà tí kò ní iná, láàárín àgbàdo tó ga ju orí rẹ̀ lọ tàbí koríko tí ejò wà nínú rẹ̀. Bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn lè sọ pé òkùnkùn wà nígbà tiwọn náà. Ó wà lóòótọ́. Alùpùpù tó ń sáré láìtan iná kò pọ̀ tó báyìí nígbà náà.

Ti àwọn ọmọbìnrin tó ti wọ CEG, ìyẹn ilé-ìwé girama, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí CEG kò sí ní gbogbo abúlé, ọ̀nà tiwọn ló sì ń jìn jù. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo kpayo tí wọ́n ń kó wá láti ibẹ̀, tí alùpùpù wa ń lò, ti wọ́n, owó zémìdjàn, ìyẹn ọ̀kadà akérò, sì ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òbí. Ọmọ á wá máa fẹsẹ̀ rìn, ọlọ́kadà kan á dúró, á ní kó gòkè, pé òun kò gba owó. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní èrò burúkú o. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ abiyamọ bíi tiwa, tó ń gbé ọmọ délé láìwo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, tó tún gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́la, gbogbo wa la mọ ohun tó sábà máa ń bèèrè tó bá yá. Ìjọba ṣe òfin ní oṣù kejìlá ọdún 2021 tó mú kí ìyà ẹni tó bá fi ìbálòpọ̀ ni ọmọ lára le sí i. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ìgbà tí nǹkan bá ti bà jẹ́ tán ni òfin ń dé.

Àwọn òbí kan ti rí ọ̀nà mìíràn: wọ́n gba yàrá fún ọmọ wọn ní ìlú, wọ́n di gààrí àti àgbàdo fún un, ó di ọjọ́ ọjà kí wọ́n tó tún fojú kàn án. Mo mọ̀ pé àìrí bá ti ṣe ni, n kò sì ní bú wọn. Síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń dá gbé, tó ń dá se oúnjẹ, tó ń dá tilẹ̀kùn lálẹ́, ewu tirẹ̀ kò kéré sí ti ẹni tó ń rin ọ̀nà oko. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni, mo fẹ́ràn kí ọmọ rin kìlómítà 5 pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó sì sùn sí ilé ìyá rẹ̀, ju kó gba yàrá sí ẹ̀yìn ilé-ìwé.

Kí wá ni ká ṣe? Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo, kantíìnì ni mo máa mú. Láti ọdún 2017 ni ìjọba ti gbé ètò oúnjẹ ilé-ìwé lé PAM, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ, lọ́wọ́, ètò náà sì ti dé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Bí oúnjẹ bá wà ní ilé-ìwé lọ́sàn-án, ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹrin di ẹ̀ẹ̀mejì lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé a ya ọ̀nà tuntun tàbí pé a kọ́ ilé-ìwé kan kún èyí tó wà. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Níbi tí kantíìnì kò bá tíì dé, kí wọ́n jẹ́ kí ilé-ìwé tí ọmọ oko pọ̀ sí máa kọ́ wọn ní àkọ́pọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, kó sì parí kí oòrùn tó yẹ̀, kí ọmọ lè lọ lẹ́ẹ̀kan kó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìpinnu lásán ni èyí ń fẹ́, kò gba owó.

Fún àwọn ọmọ CI àti CP, èrò tèmi le díẹ̀. N kò gbà pé ó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́fà rìn ju ìdajì wákàtí lọ, lọ́nàkọnà. Kí abà mẹ́ta tàbí mẹ́rin para pọ̀, kí wọ́n kọ́ yàrá kan, kí wọ́n bẹ ìjọba fún olùkọ́ kan ṣoṣo tí yóò máa kọ́ kíláàsì méjèèjì yìí níbẹ̀. Bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́jọ, tí egungun rẹ̀ ti gbó díẹ̀, tó sì ní àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń bá rìn, kó wá máa lọ sí ilé-ìwé ńlá.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì mẹ́à yóò sọ nípa kantíìnì, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí kí wọ́n tó sọ ọ́. Kétu kò ní omi nítòsí. Kànga wa jìn, ẹ̀rọ omi tó bà jẹ́ a sì máa pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Mo ti rí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé omi àti igi ìdáná wá láti ilé kí àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ lè ríṣẹ́ ṣe, tí ọmọ tó ń rin kìlómítà 4 tún wá ru ike omi lé orí àpò ìwé. Nítorí náà, kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, kí ẹgbẹ́ àwọn òbí ní abúlé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń rìn ju wákàtí kan lọ sílẹ̀, kí wọ́n kọ ipò tí ẹ̀rọ omi ilé-ìwé wọn wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìwé méjèèjì lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ kọ̀múùnù lọ́jọ́ kan náà.

Èmi ni tiyín,
Òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan,
Kétu.