Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi, lórí K = 1.5

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni wọ́n kó ìwé ìṣirò yín fún mi. Ìkọ̀wé yín ṣì mọ́ féfé: páìlì kọnkéré onígun mẹ́rin, òpó tí a ń gbá wọlẹ̀ láti gbé ilé ró, 400 mm ní fífẹ̀, 12 m nínú yanrìn. Ti SPT, ìdánwò tí a fi ń ka iye ìgbà tí hámà gbá ọ̀pá kó tó wọ ilẹ̀ (iye yẹn ni N), kò ní àléébù. N ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 15, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 30 kPa lára 19.2 m², ó jẹ́ 576 kN. N ìdí jẹ́ 25, ẹ ò jẹ́ kó kọjá N lọ́nà 400, ìyẹn 10,000 kPa lórí 0.16 m², ó jẹ́ 1,600. Àpapọ̀ 2,176, ẹ fi 4 pín in fún ààbò, 544 kN. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ìwúwo yanrìn lẹ fi ṣe é níbẹ̀, ẹ kọ K = 1.5 (K ni iye tí a fi ń sọ ìtẹ̀ yanrìn láti òkè di ìtẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́), ẹ fi bírò yí i po, ẹ ò sọ ibi tí ẹ ti mú un. Omi wà lójú ilẹ̀, ìtẹ̀ yanrìn ní ìdajì ọ̀nà jẹ́ 54 kPa, δ, igun ìfàyọ́ láàárín yanrìn àti páìlì, jẹ́ 24°: 1.5 mú 692 kN wá fún ẹ̀gbẹ́. Bí K bá jẹ́ 0.8, ó di 369. Páìlì kan náà, yanrìn kan náà! Yanrìn tó dì gan-an ló lè gbé 1.5. Bí hámà sì ṣe ń gbá páìlì wọlẹ̀, ńṣe ni yanrìn òkè ń dẹwọ́ lára rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń pariwo èyí. Kí ló dé tí ẹ ò kọ ìlà kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀?

Ó ti di ẹrù mi báyìí. Yanrìn tí mo ń bá jà kúnná, ó ní ẹrẹ̀ nínú, ó wà lábẹ́ omi. Wọ́n ka N 31 níbẹ̀. Mo dín in kù nítorí omi: mo mú 15, mo fi ìdajì èyí tó lé kún un, ó di 23. Àwọn tó ń gbá páìlì ní iye ìgbà tí hámà bà á ti pọ̀ tó, kí n buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n irú yanrìn kíkúnná bẹ́ẹ̀, tó bá dì, máa ń fẹ̀ nígbà tí a bá ń gbá a, á fa omi mọ́ra, á le fúngbà díẹ̀. Bí omi bá ti wọlé tán, agbára á já wálẹ̀. Mo ní ká tún un gbá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ká sì di ẹrù lé ọ̀kan wò. Ẹni tó ni iṣẹ́ ní owó ti pọ̀ jù, ṣé ẹ̀gbọ́n mi náà ń ṣe gbogbo ìyẹn ni?

Mo ti fi K sí 0.8, iye páìlì sì ti lé sí i. Ìwé yín ni ẹni tó ni iṣẹ́ ń fi bá mi jà, mi ò sì rí ohun kankan nínú rẹ̀ tí mo lè fi dá a lóhùn.