Abẹ́rẹ́ Àwọn Ará Ṣáínà àti Ohun Tí Ìwádìí Fi Hàn

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí acupuncture, ìwòsàn àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sára aláìsàn. Òǹkọ̀wé náà ní sáyẹ́ǹsì òyìnbó ti jẹ́rìí sí gbogbo rẹ̀, ó sì fi James Reston, akọ̀ròyìn New York Times, ṣe àpẹẹrẹ, pé abẹ́rẹ́ yìí nìkan ni wọ́n fi pa ìrora nígbà tí wọ́n ń yọ àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ ní Beijing lọ́dún 1971. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Reston fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé oògùn tí gbogbo ilé ìwòsàn fi ń pa ìrora ni wọ́n fún òun kí wọ́n tó la òun nínú. Òru ọjọ́ kejì, nígbà tí ikùn ń ni ín lára, ni wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́ ní ìgúnpá ọ̀tún àti nísàlẹ̀ orúnkún.

N kò sọ pé ẹ̀tàn ni o. Èmi náà ti gbà á nítorí ẹ̀yìn tó ń ro mí. Abẹ́rẹ́ náà rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí irun, n kò sì mọ ìgbà tó wọlé, àfi ìgbà tí olùtọ́jú fi ìka méjì yí i, tí ohun kan wúwo, tó sì ń ro mí látinú ẹran ara wá. Ara tù mí fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ̀yìn bá le jù lèèyàn ń wá ìtọ́jú lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn a máa dẹwọ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà ara tó tù mí kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀rí wà nínú ìwádìí tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gidi wé ayédèrú. Ní Jámánì, wọ́n pín èèyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2007. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara ti dẹ̀ fún ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gún lójú ibi tí ìmọ̀ àwọn ará Ṣáínà là sílẹ̀; ó dẹ̀ fún ìdá 44.2 àwọn tí wọ́n kàn gún ṣákálá níbi tí kì í ṣe ojú rẹ̀, ìdá 27.4 péré ni ti àwọn tó gba oògùn àti eré ìdárayá. Ìyẹn ni pé abẹ́rẹ́ náà ń ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n gún un sí kò fi bẹ́ẹ̀ jámọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ orí ojú ibi wọ̀nyẹn, àti ipa-ọ̀nà tí wọ́n ní agbára qi ń gbà kọjá nínú ara, ni gbogbo àlàyé àtijọ́ dúró lé.

Àlàyé mìíràn wà. Lọ́dún 2010, Maiken Nedergaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn lára eku pé bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì yí i, èròjà adenosine, tó máa ń dín ìrora kù, á pọ̀ sí i yí ibẹ̀ ká. Lára àwọn eku tí kò ní ohun tí adenosine fi ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ náà kò mú ìrora kúrò. Kò sí qi nínú ìyẹn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ Reston. Kí ẹ sì fi kún un pé bí abẹ́rẹ́ bá wọ àyà jù, ó lè lu ẹ̀dọ̀fóró, nítorí àròkọ yín kò mẹ́nu bà á.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín