Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Bèèrè Ohun Tó Wà Lọ́kàn Ẹ̀ Ná

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọ̀sẹ̀ yìí o. Ọ̀rọ̀ ìkórè ni mo fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ wa tí àwọn ọlọ́pàá gbé ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá torí fóònù tó rà ò jẹ́ kí n sùn. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́, àwọn kan tiẹ̀ ti pè é ní olè lórí WhatsApp ìjọ, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ilẹ̀ ni mo bá a lẹ́yìn káńtà ní tèṣàn, aró adìrẹ tó ń rẹ ní Ìtòkú ṣì wà lábẹ́ èékánná ẹ̀, ìyá ẹ̀ sì gbá páálí fóònù yẹn mọ́yà. Fóònù àlòkù ni, 62,000 náírà ló rà á, oṣù mẹ́rin ló fi tọ́jú owó ẹ̀, àṣé wọ́n jí i ni, wọ́n wá fi tráàkà tọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Nọ́ńbà ẹni tó tà á fún un wà lẹ́yìn páálí, báírò ni wọ́n fi kọ ọ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ pe nọ́ńbà yìí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Lọ́yà kan nínú ìjọ wa ló là á yé mi. Ó ní nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, abala 427, ẹni tó gba ẹrù olè tó sì mọ̀ pé ẹrù olè ni ló jẹ̀bi. “Tó sì mọ̀” yẹn ni gbogbo ẹjọ́ rọ̀ mọ́. Abala 24 náà ò ka ohun tó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ sí èèyàn lọ́rùn. Àmọ́ “mi ò mọ̀ pé òfin wà” kì í ṣe àwíjàre o, abala 22 nìyẹn.

Ọlọ́run ti rí èyí tipẹ́. Nínú Diutarónómì 19, ẹni méjì wọ igbó lọ gégi, irin àáké yọ kúrò lára èkù, ó ba ọ̀kan, ó kú. Torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìlú ààbò mẹ́fà ṣe wà, mẹ́ta níhìn-ín Jọ́dánì, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pààyàn ò rí ibẹ̀ sá sí. Ta ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ìwé Nọ́ńbà orí 35 nínú Bíbélì ní ìjọ ni, àwọn ló máa wádìí ṣé ó kórìíra ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé ó ba dè é ni. Ìjọ o, ẹ̀yin ará, irú àwa yìí!

Mi ò ní ká fàyè gba àìbìkítà o. Nínú Ẹ́kísódù 21, màlúù tó máa ń kànyàn, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún olówó ẹ̀ tí kò sì so ó, tó bá pààyàn, ọrùn olówó ẹ̀ ló wà. Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹni tó mọ̀ pé bíréèkì òun ò mú tó tún ń kó èrò, kó má pè é ní èèṣì lọ́la. Ẹ̀yin tó ń ra fóònù àlòkù, ẹ gba rìsíìtì, ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tà á.

Wọ́n ti gba bélì ẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń padà sí kọ́ọ̀tù. Ẹ̀yin tó kọ “olè” yẹn, ẹ lọ pa á rẹ́ lónìí, kẹ́ ẹ sì lọ kí ìyá ẹ̀ nílé, kò wá ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè tó kọjá, ojú ń tì í. Bọ́ọ̀sì ìjọ tó ń lọ sí kọ́ọ̀tù máa gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn.