Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan tún padà sórí iyanrìn

Olóòtú,

Mo kí yín o. Télọ̀ ni mí ní Ọ̀fà. Ìdíje ẹkẹ tí wọ́n ṣe ládùúgbò wa lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ló mú mi kọ̀wé sí yín.

Ọmọṣẹ́ mi kan, ọmọ Ìjàgbó, fi oṣù mẹ́ta gbáradì fún un. Bá a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa gbé ara wọn ṣánlẹ̀ lẹ́yìn ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n fọn fèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún rì níbi tí wọn ò ti tẹ́ iyanrìn dáadáa. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kanlẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ síta. Ṣọ́ọ̀bù ló padà sí. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń ṣẹ́ etí búbá oníbàárà, iyanrìn ń já bọ́ láti orí rẹ̀ sórí léèsì. Mo gba aṣọ náà, mo gbọ̀n ọ́n. N ò rí ọ̀rọ̀ sọ fún un.

N ò bá ẹni tó dá a wí. Ètò yẹn ni mò ń bá wí, pé ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó lọ nìyẹn.

Àwọn ará Jàpáánì ní ìdíje ẹkẹ kan, G1 Climax. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ fi hàn mí lórí fóònù. New Japan, ẹgbẹ́ tí Antonio Inoki dá sílẹ̀ lọ́dún 1972, ló ń ṣe é lọ́dọọdún láti 1991. Mo mọ̀ pé ìjà ìdánilárayá ni, àwọn elétò ló ń pinnu ẹni tó máa borí. Bí wọ́n ṣe to ìdíje náà ló wù mí. Wọ́n á pín àwọn oníjà sí ọ̀wọ́, gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀wọ́ kan á bá ara wọn jà tán. Ẹni tó borí gba póìntì 2. Tó bá já sí ọ̀mì, 1 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n dá kò gba nǹkan kan, àmọ́ á tún padà wá.

Lọ́dún 1991, àwọn 8 ni. Chono àti Hashimoto jọ ní póìntì kan náà nínú ọ̀wọ́ wọn, ni wọ́n bá tún ìjà wọn jà. Chono borí, ó tún dá Mutoh ní àṣekágbá, àwọn èrò ìwòran sì ń ju tìmùtìmù sínú afẹ́fẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 2016. Kenny Omega, ará Kánádà, ja ìjà 9 nínú ọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n borí rẹ̀. Póìntì 12 tó kó jọ ló gbé e dé àṣekágbá, ó dá Goto níbẹ̀, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ará Jàpáánì tó gba ife náà. Tó bá jẹ́ tiwa ni, ọjọ́ tó kọ́kọ́ pàdánù ni ì bá ti di ẹrù rẹ̀.

Àwa tí wọ́n ń kì pé Ìyèrú Ọ̀kín, ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Ó dùn mí pé ìṣẹ́jú kan péré ni ọmọ wa ní láti fi ara rẹ̀ hàn.

Àwọn elétò tiwa ní àkókò kò sí. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ọmọ 16, bí wọ́n ṣe ń ṣe é yìí, ìjà 15 ni. Bí ẹ bá pín wọn sí ọ̀wọ́ 4, ìjà 24 ni, ẹ fi 3 kún un fún àwọn tó léwájú ọ̀wọ́ wọn títí dé àṣekágbá, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 27. Ìrọ̀lẹ́ méjì sí i á gbà á. Ọmọ tí ìjà rẹ̀ kéré jù á jà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ìwé yìí jáde kí àwọn elétò lè rí i. Bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n mú aṣọ wá, èmi á rán ṣòkòtò péńpé fún àwọn ọmọ 16 náà láìgba owó iṣẹ́. Ọmọṣẹ́ mi ti ń lọ sẹ́yìn ilé padà láti ọjọ́ Ajé.

Èmi ni,
Bàbá Kẹ́hìndé, télọ̀,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.